Níbo ni omi ara píọ̀ wọ́tà ti wá? Ìdáhùn fún olùkọ́ Basic Science kan

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ Basic Science ni mí ní JSS 2, ní ilé-ìwé ìjọba kan lẹ́bàá Ìbàdàn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi lé ní 70, a kò sì ní láàbù. Mo fún wọn ní tẹ́ẹ̀sì lórí omi, yìnyín àti ooru omi, ọ̀pọ̀ wọn gba 8 tàbí 9 nínú 10. Lọ́jọ́ kejì mo bi wọ́n pé kí ló dé tí píọ̀ wọ́tà tó tutù fi máa ń làágùn. Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní omi inú rẹ̀ ló ń jò. Ṣé bí mo ṣe ń kọ́ wọn ni kò dáa ni, àbí tẹ́ẹ̀sì mi? Báwo ni mo ṣe lè dán wọn wò tí màá fi mọ̀ pé ó yé wọn, tí n kò sì ní fi gbogbo òru máàkì ìwé? Prínsípà ń béèrè C.A. (máàkì ìdánwò tí a ń ṣe láàárín tááàmù) o, sà."

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Tíṣà. Tẹ́ẹ̀sì yín ni mo máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹ kò fi ìbéèrè inú rẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n mo lè fọkàn ro ohun tó wà níbẹ̀: kí ni evaporation (bí omi ṣe ń di ooru omi), kí ni condensation (bí ooru omi ṣe ń di omi padà), ẹ dárúkọ ipò mẹ́ta tí nǹkan máa ń wà, ẹ fi àpẹẹrẹ méjì méjì tì í. Gbogbo èyí ló wà nínú nóòtì tí ẹ kọ sí bọ́ọ̀dù. Ọmọ tó bá ka nóòtì náà lálẹ́ á gba máàkì, bó yé e, bí kò yé e. Àwọn ọmọ ọdún 12, 13 gbọ́n: ohun tí olùkọ́ bá ń san máàkì lé lórí ni wọ́n ń kọ́. Bó bá jẹ́ àkọ́sórí lẹ ń san án fún, àkọ́sórí ni wọn ó máa tà fún yín títí wọn ó fi wọ SS. Nítorí náà, kí ẹ tó dààmú nípa ọ̀nà ìkọ́ni, ẹ kọ́kọ́ yí ohun tí ẹ ń bi wọ́n padà. Ìkọ́ni á tẹ̀ lé e, torí ojú á ti yín láti béèrè ohun tí ẹ kò tíì jẹ́ kí wọ́n ronú lé lórí.

Ọmọ tó ní omi inú rẹ̀ ló ń jò yẹn, òun gan-an ló ràn yín lọ́wọ́ jù lọ́jọ́ náà. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tó ti rí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lára àmù ìyá àgbà rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan àmù rí mọ̀ pé ara rẹ̀ máa ń tutù, ó sì máa ń rin. Omi ara àmù ti inú wá lóòótọ́: amọ̀ tí wọ́n sun ní ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí, omi ń gba ibẹ̀ yọ sí ìta díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń mú ooru kúrò lára ìkòkò àti omi inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń tutù láìsí iná mànàmáná. Ọmọ yín mú ohun tó jẹ́ òótọ́ níbì kan, ó gbé e lọ síbi tí kì í ti í ṣe òótọ́. Bí ẹ bá kàn sọ fún un pé "rárá o, condensation ni", á kọ ọ́ sínú ìwé, á gba máàkì rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, nylon yẹn ṣì ń jò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Rosalind Driver, tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀pọ̀ ọdún gba irú èrò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ girama, ohun tó sì hàn kedere ni pé èrò tí ọmọ bá ti gbé wá látilé kì í kúrò nítorí pé olùkọ́ sọ òmíràn. Ó gbọ́dọ̀ rí i pé tirẹ̀ kò bá ohun tó wà níwájú rẹ̀ mu.

Bí mo bá wà nípò yín, ohun tí màá ṣe rèé. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, màá fi píọ̀ wọ́tà kan àti sóbò kan tí a dì sínú nylon sí fíríìsà kí méjèèjì di yìnyín. Bí kò bá sí iná, àwọn tó ń tà á lẹ́nu géètì ilé-ìwé kò ní ṣaláìní. Màá mú píọ̀ wọ́tà kan tí kò rí fíríìjì rárá, àti ìkòkò amọ̀ kékeré kan tí a ti rọ omi sí látàná. Bí olùkọ́ Home Economics bá ní òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun, màá yá a. Kò sí láàbù nínú gbogbo èyí.

Kí n tó gbé nǹkan kan jáde, màá kọ èsì mẹ́rin sí bọ́ọ̀dù. Ìkíní: omi inú nylon ló ń jò jáde. Ìkejì: òtútù ló di omi. Ìkẹta: afẹ́fẹ́ tó kan nylon náà ló di omi. Ìkẹrin: omi kan ti wà nínú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ojú wa kò rí, òun ló tutù tó sì di omi padà sára nylon. Kí gbogbo wọn di ojú, kí olúkúlùkù fi ìka sí àyà rẹ̀: ìka kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí wọ́n bá la ojú ṣe é, ọmọ tí wọ́n mọ̀ sí olórí kíláàsì ni gbogbo ènìyàn yóò máa wò. Ẹ ka ìka náà, ẹ kọ iye rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú yín sọ èyí tó tọ̀nà. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ 70 láìmáàkì ìwé kan ṣoṣo. Èyí náà ìdánwò ni, bí kò tilẹ̀ sí máàkì nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ẹni tó jókòó tì í jiyàn fún ìṣẹ́jú méjì, ní èdè tó bá wù wọ́n. Ariwo á pọ̀. Ẹ fara dà á.

Nígbà náà ni kí ẹ gbé ẹrù yín jáde. Ẹ nu ara sóbò tó ti di yìnyín náà gbẹ, ẹ jẹ́ kó tún làágùn, kí ọmọ kan wá fi tíṣù funfun nù ún. Tíṣù náà á rin, ṣùgbọ́n kò ní pupa. Bó bá jẹ́ inú ló ti jò, àwọ̀ sóbò dà? Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan píọ̀ wọ́tà tí kò tutù: ara rẹ̀ gbẹ. Nylon kan náà ni, omi kan náà ni, kò jò. Ẹ wá ní kó fọwọ́ kan ìkòkò amọ̀ tí òun náà kò rí fíríìjì: ara rẹ̀ rin. Ẹ̀ẹ́ rí i tí ojú ọmọ tó ní ó ń jò á ṣí, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òmùgọ̀ ni. Ó tọ̀nà lórí ìkòkò, kò tọ̀nà lórí nylon, òun fúnra rẹ̀ á sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi dá àwọn tó mú èsì kejì, pé òtútù ló di omi, lóhùn. Ẹ nu píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, ẹ ka iye rẹ̀, kí ẹ fi í síbẹ̀. Bó ṣe ń làágùn ló ń wúwo sí i, gíráàmù díẹ̀ díẹ̀, bí ẹ kò bá ti jẹ́ kí ó kán sílẹ̀. Nǹkan kan ló ń ti ìta wá bá a. Òtútù kì í ṣe nǹkan tí a lè gbé lé òṣùwọ̀n.

Èsì kẹta ló le jù, àwọn ọmọ tó já fáfá ló sì máa ń dì í mú. Afẹ́fẹ́ ló wà nítòsí, nǹkan sì ti ìta wá, nítorí náà afẹ́fẹ́ ló di omi: ẹ kò lè sọ pé kò ronú. Ibí yìí ni ọyẹ́ ti wúlò fún wa. Ẹ bi wọ́n pé nígbà ọyẹ́, ṣé afẹ́fẹ́ kò sí ni? Ó wà, ó tilẹ̀ ń fẹ́ ju ti ìgbà mìíràn lọ. Kí ló dé tí píọ̀ wọ́tà oṣù January kì í fi í làágùn tó ti oṣù July? Kí ló dé tí aṣọ tí a sá ní January fi ń yára gbẹ, tí ètè sì ń bó? Ohun kan wà nínú afẹ́fẹ́ July tó ṣọ̀wọ́n nínú afẹ́fẹ́ January. Ẹ má dá wọn lóhùn kíákíá. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì lẹ́yìn ìbéèrè kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n dá ara wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n sún un dé bíi mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í la ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ rí ní kíláàsì yín, ẹ má yára pè é ní àìmọ̀kan. Ẹ kà á dé márùn-ún nínú ọkàn yín nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí tẹ́ẹ̀sì alákọsílẹ̀. N kò ní kí ẹ da àwọn ìbéèrè àtijọ́ nù. BECE, ìdánwò àṣejáde girama kékeré, ń bọ̀ ní JSS 3, ọmọ tí kò bá mọ orúkọ nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì á jìyà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bí ìdajì tẹ́ẹ̀sì náà wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èsì mẹ́rin tí ẹ kọ sí bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ wò ó dáadáa: ìbéèrè yíyàn ni, èsì tí kò tọ̀nà níbẹ̀ kì í sì ṣe ohun tí ẹ fi kún àlàfo. Ẹnu àwọn ọmọ ni wọ́n ti jáde. Ọmọ tó bá mú ìkíní sọ ohun kan fún yín, ẹni tó mú ìkẹta sọ ohun mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè tí mo ń rí, èsì kan ló bọ́gbọ́n mu, àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ yẹ̀yẹ́, ọmọ á sì gbà á láìka ìbéèrè tán. Ẹ máa ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ àṣìṣe àwọn ọmọ sí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Láàárín tááàmù kan, ìwé yẹn á wúlò fún yín ju ìwé ìbéèrè tí ẹ rà lọ.

Ẹ wá fi ìbéèrè alálàyé kan ṣoṣo kún un, lórí ohun tí ẹ kò kọ́ wọn lójúkojú. Bí àpẹẹrẹ: "Òjò ń rọ̀, àwọn èrò inú dáńfó ti gbogbo fèrèsé. Láìpẹ́, nǹkan bíi kùrukùru bo inú gíláàsì iwájú, dírẹ́bà ń fi ákísà nù ún. Níbo ni omi náà ti wá, kí ló sì gbé e dé ara gíláàsì?" Ọmọ tó kọ́ píọ̀ wọ́tà sórí kò ní rí ibi tí yóò dì mú. Ọmọ tó yé á sọ pé èémí àwọn èrò ni, pé omi wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí, pé gíláàsì tutù torí òjò ń lù ú lẹ́yìn. Ẹ fún un ní máàkì 3: ọ̀kan bó bá sọ pé omi náà ti inú afẹ́fẹ́ mọ́tò wá, ọ̀kan bó bá sọ pé kò ṣeé fojú rí tẹ́lẹ̀, ọ̀kan bó bá mẹ́nu kan òtútù gíláàsì. Kò sí máàkì fún sípẹ́lì. Bó bá kọ "condensation" nìkan tó sì dánu dúró, òdo ni, bó tilẹ̀ kọ ọ́ dáadáa. Èyí á dun àwọn kan, pàápàá àwọn tó máa ń gbapò kìíní.

Iṣẹ́ máàkì kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Àwọn ọmọ lè pààrọ̀ ìwé kí wọ́n máàkì apá yíyàn fúnra wọn nínú kíláàsì. Ìbéèrè alálàyé kan, bí ẹ bá lo ìdajì ìṣẹ́jú lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ìwé 70 á gba ìṣẹ́jú 35. Ẹ pín wọn sí òkìtì mẹ́ta bí ẹ ṣe ń kà á: ó yé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yé e, kò yé e. Òkìtì àárín ni kí ẹ tún kà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wà.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Ní 1988, Ruth Butler tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Israel. Ó fún àwọn kan ní máàkì lásán, ó kọ ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà lásán fún àwọn kan, ó sì fún àwọn kan ní méjèèjì. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ lásán ni iṣẹ́ wọn dára sí i. Àwọn tó gba méjèèjì kò sàn ju àwọn tó gba máàkì nìkan lọ. Máàkì ni wọ́n wò, wọ́n pa ìwé dé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Paul Black àti Dylan Wiliam kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ ní London, wọ́n sì fi hàn pé ìdánwò tó bá ń sọ ohun tó kàn fún olùkọ́ àti ọmọ máa ń gbé iṣẹ́ àwọn ọmọ ga, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ kọ máàkì sínú ìwé tiyín fún C.A., ṣùgbọ́n ẹ dá ìwé padà fún àwọn ọmọ láìsí máàkì lára rẹ̀. Ẹ fi àmì kan sí ibi tí àlàyé ti já, ẹ ní kí wọ́n tún ìlà méjì kọ. Máàkì lè jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọn á kùn.

C.A. fúnra rẹ̀, irú èyí ló yẹ kó jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti 1977 fẹ́ kí a máa wo ọmọ bó ṣe ń lọ, kó má jẹ́ ìdánwò ìparí nìkan ni yóò pinnu. Àwa la sọ ọ́ di ìdánwò kéékèèké tí a ń tò jọ kó lè pé 40, kí 60 ti ìdánwò ìparí tááàmù lè bá a.

Nípa èdè, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé nínú kíláàsì, kí ẹ sì gba àlàyé Yorùbá nínú tẹ́ẹ̀sì kéékèèké. Àwọn kan á ní ẹ ń ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán èyí wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì sì wà bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti yé wọn, ẹ jọ kọ gbólóhùn méjì lédè Gẹ̀ẹ́sì sí bọ́ọ̀dù, torí Gẹ̀ẹ́sì ni BECE. Nínú ìdánwò ìparí tááàmù, n kò ní gbà wọ́n láyè Yorùbá. Kí wọ́n má lọ bá àjèjì ní JSS 3.

Ẹ tún lè sọ orí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ fún wọn lọ́jọ́ Friday, kí wọ́n lọ béèrè nílé ohun tí àwọn àgbà mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ti LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ti gbé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì bá kíláàsì tí kò ní láàbù mu, torí ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan á di ibi tí ó ti ń wá ẹ̀rí. Àmù á ti dé kíláàsì yín kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá dé orí oúnjẹ ewéko, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ photosynthesis. Ẹ kọ iṣẹ́ Jan Baptist van Helmont, ará Belgium àtijọ́, sí bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1648 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó gbin igi kan tó tó kílò 2 àti díẹ̀ sínú erùpẹ̀ gbígbẹ tó tó kílò 90, omi nìkan ló sì ń bù sí i. Lẹ́yìn ọdún 5, igi náà ti lé ní kílò 76, erùpẹ̀ kò sì dín ju nǹkan bíi gíráàmù 57 lọ. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni igi ti rí ara. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbà pé ilẹ̀ ni igi ń jẹ, iye yìí á sì dà wọ́n láàmú gidi. Van Helmont fúnra rẹ̀ ní omi ni gbogbo rẹ̀. Kò ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ẹ béèrè ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò bí wọ́n bá wà nípò rẹ̀, kí ẹ sì máàkì ìdáhùn yẹn. Èmi gbà pé ìbéèrè yìí nìkan tó fún C.A. kan.

Ní ti prínsípà, ẹ lọ bá wọn kí tẹ́ẹ̀sì tuntun tó wáyé, ẹ má dúró dìgbà tí máàkì bá ti lọ sílẹ̀, torí á lọ sílẹ̀. Ọmọ tó ń gba 9 lè gba 6. Ẹ fi ìbéèrè náà hàn wọ́n, ẹ sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn dáhùn ti dáńfó yẹn kí ẹ tó ṣàlàyé. Ẹ sọ fún wọn pé apá tó dà bíi BECE ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ máa kọ máàkì apá méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé yín, kó lè hàn pé àkọ́sórí kò dín kù bí òye ṣe ń wọlé. Àwọn òbí tó bá wá béèrè ìdí tí máàkì fi dín, apá kejì yẹn ni kí ẹ ṣí fún wọn, pẹ̀lú ìwé ọmọ wọn lọ́wọ́ yín. Kí ẹ má sì yí gbogbo orí ọ̀rọ̀ padà nínú tááàmù kan. Ẹ mú méjì, ẹ ṣe wọ́n dáadáa. Ìbéèrè tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fún àwọn ọmọ, màá bá yín wo èsì tí kò tọ̀nà nínú rẹ̀.